Ohùn Ọmọ Apòògùn Nínú Rédíò

"Bọ́ọ̀lù ti dé ẹsẹ̀ ọmọ kúkúrú ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi han ẹni àkọ́kọ́, ó ní wò ó, ó sì gbé e kúrò níwájú rẹ̀. Ẹni kejì ń bọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Háà, ẹni kejì ti jókòó sílẹ̀. Ta ló ní kó jókòó? A ò tíì gbé àga fún un."

Gbogbo pápá ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti ń múra àtilọ sílé dúró. Àwọn olùkọ́ tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yọjú lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò mọ́, ọmọbìnrin tó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu ni.

Olùkọ́ eré ìdárayá ló yẹ kó máa ròyìn bí eré náà ṣe ń lọ. Ohùn rẹ̀ há kí eré tó dé ìdajì, ó bá na gbohùngbohùn sí akẹ́kọ̀ọ́ tó sún mọ́ ọn jù, ó ní kó ṣáà máa sọ iye góòlù fún àwọn èèyàn. Kò mọ ẹni tóun gbé nǹkan lé lọ́wọ́. Mágbèsì ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé. Ìyá bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó gé e kúrò lára asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí rédíò ayé àtijọ́ tó máa ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ láìdúró gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń ròyìn ìjà adìyẹ ẹ̀yìnkùlé fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Nígbà tí fèrè ìparí dún, ilé-ìwé wọn ti wọ ìpele àṣekágbá nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ. Àwọn ọmọ ń fò, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Inú Mágbèsì dùn ju ti ẹni tó gbá góòlù wọlé lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kanlẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn yàrá kan nínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní rédíò ìlú ń wá ọ̀dọ́ kan tí yóò bá wọn ròyìn eré àṣekágbá, wọ́n sì máa dán ohùn àwọn tó bá wá wò lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú eré náà.

"Sọ fún àwọn òbí rẹ," ni olùkọ́ wí. "Tí wọ́n bá ti gbà, èmi á mú ọ lọ."

Mágbèsì dá a lóhùn pé ó dáa. Àmọ́ bó ṣe ń yọ lẹ́nu géètì ilé-ìwé, ó rántí ilé, ayọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ díẹ̀díẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí ẹ̀gún gún.

Ìdí ni pé ilé oníṣègùn ni ilé wọn. Ìsàlẹ̀ ilé náà gan-an, ilé ìtajà oògùn ni. Bàbá rẹ̀ ló ni ín, apòògùn tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ti gbẹ̀bí fún ìdajì ìlú kó tó fẹ̀yìn tì. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Dókítà, ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú nílé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní yunifásítì, ìmọ̀ ìṣègùn lòun náà ń kọ́. Mágbèsì ló kù, wọ́n sì ti pín ojú fún un: dókítà ojú ni yóò dà, kó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Dókítà lọ́jọ́ ọ̀la.

Kò sẹ́ni tó ń fi ìkanra sọ ọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ní kó tún oúnjẹ bù. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí gbogbo wọn bá jókòó yí tábìlì ká, wọn a máa jiyàn lórí yunifásítì tó dáa jù fún un. Ohùn wọn a lọ sókè, Bàbá Dókítà a máa fi ṣíbí lu tábìlì, Màmá Àgbà a sì máa ṣe àmín sí i. Mágbèsì tó lè sọ̀rọ̀ títí etí á fi kún, kì í rí nǹkan kan sọ nídìí tábìlì yẹn. Ní ìdílé tiwọn, ọmọ kì í dá ọ̀nà ayé rẹ̀ là nígbà tí àgbà ń bẹ nílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n apá tó kan ọmọdé nìkan ni wọ́n máa ń rántí nínú òwe náà.

Nílé kejì, tí ògiri kan ṣoṣo pín wọn, ọ̀tọ̀ ni bí nǹkan ṣe rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé, ọmọ tó ga tó sì tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo kíláàsì fi ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òkè òkun ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń wa bọ́ọ̀sì èrò. Níbi tí wọ́n ti wá, òbí kì í dá sí irú iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ irun gígẹ̀, wọ́n ní ó dáa. Kò pẹ́ tó tún padà sílé-ìwé, wọ́n tún ní ó dáa.

Mágbèsì gba ilé wọn lọ lọ́jọ́ náà kó tó délé. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó ń gbá ìyẹ̀fun pákó jọ. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, pápá, ẹ̀rín, rédíò, Sátidé. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀.

"Ìwọ lo gbádùn ní tìẹ," ló wí. "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá kàn wọlé sọ fún wọn ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fara ti ọwọ̀ rẹ̀. "Lóṣù tó kọjá, mo bi bàbá mi pé irú iṣẹ́ wo ni kí n ṣe láyé mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó bá wù mí. Mo dúró kó tún sọ nǹkan mìíràn. Ó ti padà sídìí pákó rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Mágbèsì, nítorí rédíò ti gba gbogbo etí náà. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá ló fẹ́ sọ. Ó ní òun á sọ fún wọn nílé pé wọ́n ń kọ́ àwọn ní kẹ́mísírì nílé-ìwé lọ́jọ́ Sátidé méjèèjì tó ń bọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kó sọ bẹ́ẹ̀ náà.

Inú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò dùn sí i. Ó rọ ọ́ pé kó sọ òótọ́ fún wọn, pé bí wọ́n tilẹ̀ pariwo, ariwo kì í pa èèyàn. Mágbèsì ní ẹni tí wọn kì í bi ní nǹkan kò lè mọ bí ìbéèrè ṣe máa ń rí. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, nígbẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí pé òun gbà, ṣùgbọ́n kò sí ìdùnnú kankan nínú rẹ̀.

Bí Mágbèsì ṣe purọ́ fún bàbá rẹ̀ nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu pé kò nira. Bàbá rẹ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín sí i, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun fúnra rẹ̀ ló ń lépa kẹ́mísírì. Irọ́ tó pa fún olùkọ́, pé wọ́n ti gbà nílé, tún rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sítúdíò rédíò kò tóbi ju yàrá ìdáná wọn lọ. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n fi bo ara ògiri, gíláàsì wà láàárín, iná pupa kékeré kan sì wà lókè ilẹ̀kùn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àgbà tó ń bójú tó ibẹ̀, obìnrin kan tó sanra tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ọkùnrin, tan tẹlifíṣọ̀n, ó fi eré bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan hàn wọ́n láìsí ohùn, ó ní kí oníkálukú máa ròyìn ohun tó ń rí. Ìgbà tó kan Mágbèsì, ó la ẹnu, ó sì gbàgbé ibi tó wà. Nígbà tó dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń di ikùn mú.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àgbà yọ ohun tó fi bo etí. Ó bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Wọ́n mọ̀, mà," ni Mágbèsì dáhùn.

Wọ́n mú un.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ kò wọnú ọmọ. Ó ń ròyìn eré fún dígí, ó ń ròyìn fún ọṣẹ nílé ìwẹ̀. Màmá Àgbà bi í pé ṣé kẹ́mísírì ló ń kọ́ sórí bẹ́ẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sátidé kejì dé. Pápá ìṣeré ìlú kún fọ́fọ́, àwọn tí kò rí ìjókòó gun igi. Wọ́n fi Mágbèsì jókòó sínú yàrá gíláàsì kan lókè téńté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n bi í pé orúkọ wo ni kí wọ́n fi pè é lórí afẹ́fẹ́. Ó ní Mágbèsì, nítorí ó rò pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn níta ilé wọn. Kò ronú débi pé àwọn ará ilé rẹ̀ náà ní etí.

Iná pupa tàn, eré bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí ẹja tí wọ́n dá padà sínú odò rí, bó ṣe rí nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lọ sókè, ó sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e bọ̀. Nígbà tí rẹfirí ṣubú lulẹ̀, ó ní ilẹ̀ ló pè é, àgbà kan kì í sì kọ ìpè ilẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọn gbá góòlù kan wọlé níparí eré, ariwo tó sọ gbé e dìde lórí àga, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àgbà sì di aṣọ rẹ̀ mú kó má baà fi orí lu gíláàsì. Fèrè dún. Wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ. Mágbèsì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sì tíì gbádùn ọjọ́ kan láyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó rí bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ takisí kan ni bàbá náà dúró sí. Aṣọ funfun iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn ti mú un. Bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ kan, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ kejì. Kò pariwo. Ó kàn ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo rẹ̀ pé.

Awakọ̀ takisí ló sọ bó ṣe jẹ́, bí bàbá náà ṣe rò ó fún un lójú ọ̀nà, ẹ̀rín sì ń pa á bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Dókítà ló gba àyè fún Mágbèsì pé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ fi ayọ̀ lọ mú un nílé-ìwé, ó bá àgádágodo lẹ́nu géètì. Aṣọ́nà ní kò sí kíláàsì kankan lọ́jọ́ Sátidé. Ó sáré lọ bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyẹn sì ní wọ́n ti gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ilé ìkówèésí, ilé ìkówèésí tí bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, tí ó rí i pé títì ló wà. Ẹ̀rù wá bà á. Ó ki ẹsẹ̀ bọ ohun tó rí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sáré wọ takisí.

"Rédíò ń lọ nínú ọkọ̀ mi," ni awakọ̀ wí. "Wọ́n ní kí n pa á, pé ọmọ àwọn ló sọnù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i, torí ọmọ tó ń sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ dùn. Wọ́n nawọ́ láti pa á fúnra wọn. Bí ọwọ́ wọn ṣe kan rédíò báyìí, wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n yí i sókè."

Bàbá Mágbèsì wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá aláìsàn lọ. "Mo ti dé ilé ìwòsàn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá."

Mágbèsì wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ kan, ó sì wo sálúbàtà tó wà ní ìkejì.

Ibẹ̀ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àgbà bá wọn. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ń wí pé ilé-ìwé tó gba ife yóò pàdé ti ìlú kejì lóṣù tó ń bọ̀, pé Mágbèsì ni yóò tún ròyìn rẹ̀. Ó yíjú sí bàbá náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbà fún ọmọ rẹ̀.

"N ò gbà fún un, mà," ni bàbá náà fèsì. "N ò mọ̀ ni."

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó yíjú sí Mágbèsì. "Ohùn rẹ dára," ló wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń gba ohun tá a bá sọ gbọ́ láìrí wa. Ẹni tó bá lè purọ́ fún mi lójúkojú, n kò lè gbé gbohùngbohùn fún un." Ó kí bàbá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì padà sókè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ẹbí pé sí pálọ̀. Káfíńtà mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá, nítorí irọ́ tí òun náà pa. Àwọn ọmọ méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì. Bàbá Dókítà kò lè jókòó. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ní iṣẹ́ ẹnu kì í ṣe iṣẹ́, ó ní ilé tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ ṣe bó ṣe fẹ́ ni Mágbèsì ti kọ́ ìwà yìí.

Káfíńtà kò bínú. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ti dàgbà kó tó gbọ́ èdè ìlú náà. Ó ní níbi tí àwọn ti wá, òbí tó bá yan iṣẹ́ fún ọmọ, wọ́n á ní ó fẹ́ bá ọmọ náà gbé ayé rẹ̀. Nítorí náà, àwọn máa ń pa ẹnu mọ́. Ìyẹn gan-an ni àwọn ń pè ní ìfẹ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé orí sókè níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Mo máa ń gbọ́ yín láti ojú fèrèsé mi lọ́jọ́ Àìkú," ló wí. "Tí ẹ bá ń jiyàn nítorí Mágbèsì. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó jiyàn nítorí tèmi rí."

Bàbá Dókítà dúró. Káfíńtà wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Mágbèsì náà wò ó, ó sì rántí ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òun. Ìtìjú mú un.

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ dìde. Ó ní òun ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ sọ́wọ́ láyé òun, oníkálukú ló sì ké bó ṣe wù ú, kò sí èyí tí òun kọ́ ní igbe. Ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Kí ni ìwọ gan-an fẹ́ ṣe?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí nínú ilé yẹn. "Mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀, mà," ni Mágbèsì wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó lè dá a dúró. Bí ẹ̀rín yẹn ṣe já ìdè ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ìbéèrè tó le: kí ló fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ta ni yóò gbà á síṣẹ́, kí ni yóò ṣe tí ohùn bá há lọ́jọ́ kan? Ó dáhùn àwọn kan. Àwọn kan kò ní ìdáhùn, bàbá rẹ̀ sì ní kó lọ wá a.

Káfíńtà ń wò wọ́n. Ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọmọ tirẹ̀, ó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

"N ò tíì mọ̀, Dádì," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ ká jọ wá a."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ròyìn eré ìlú kejì lóṣù tó tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe Mágbèsì. Ilé ìtajà oògùn ló ti gbọ́ ọ, ó ń to oògùn sórí pẹpẹ, nítorí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ jáde lọ síbìkan àyàfi ilé-ìwé títí ìdánwò àṣekágbá yóò fi parí. Ó dùn ún dé egungun. Ọmọkùnrin tó ń ròyìn náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Bàbá rẹ̀ tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ yíjú sí rédíò lójijì.

"Kò tíì sọ iye góòlù láti àárọ̀," ló kùn. "Ìwọ ì bá ti sọ ọ́."

Mágbèsì kàwé fún ìdánwò náà bí ẹni tí nǹkan ń lé. Ó yege, títí kan kẹ́mísírì tó fi purọ́. Ó yan ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti iṣẹ́ ìròyìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti jiyàn lé e lórí ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí òun náà sì jiyàn tirẹ̀, tó tilẹ̀ fi ṣíbí lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Dókítà ṣì ń ráhùn pé kò sẹ́ni tí yóò gba iṣẹ́ ojú lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde, bàbá rẹ̀ bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó wọ bàtà tó bára mu, ó sì mú un lọ sílé rédíò. Mágbèsì kúnlẹ̀ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àgbà, ó tọrọ àforíjì irọ́ tó pa. Bàbá rẹ̀ wá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Èmi ni bàbá rẹ̀, mà," ló wí. "Mo mọ̀ pé ó wà níbí."

Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn sítúdíò fún àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ilé yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń yan iṣẹ́ fún ọmọ, ẹ la ẹnu yín kí ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín, ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn lọ, nítorí irọ́ máa ń ba ohun rere tó bá gbé lọ́wọ́ jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń fi yín sílẹ̀ kí ẹ dá a yàn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wò ó. Ọmọ ló ni ẹsẹ̀ tí yóò fi rin ọ̀nà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú púpọ̀ ló ń ríran ju ojú kan lọ.